Ìdákẹ́jẹ́ Inú Ilé Adìẹ

Àrùn tó ń ṣe ogójì náà ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò sọ ẹni tó gbé àrùn ọ̀hún láti ọ̀dọ̀ ogójì dé ọ̀dọ̀ ọ̀ọ́dúnrún fún wa, wọn kò sì sọ bóyá onítọ̀hún mọ ohun tó ń gbé. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dé bá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú rẹ̀ dé bá wa.

Ó dé bá Ẹlẹ́yin. Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó pín adìẹ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dé bá a, kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rárá, etí rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ mọ̀. Kì í ṣe ariwo ló gbọ́. Ohun tó yẹ kó gbọ́ ni kò gbọ́. Ilé tí adìẹ bá pọ̀ sí, bí ọjà ló máa ń rí láàárọ̀: èyí ń ké, èyí ń dáhùn, èyí ń jà nítorí ibi oúnjẹ, èyí tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí náà ń pariwo kó má bàa gbẹ́yìn. Tó bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú garawa oúnjẹ, wọ́n á ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀, ariwo á sì sọ. Lọ́jọ́ yìí, ó rìn láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó kí i.

Ó dúró. Ó gbé garawa sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Ó ní, "Olúwa, jọ̀wọ́." Ó fi ẹsẹ̀ bọ omi oògùn apakòkòrò tó wà nínú abọ́ ńlá lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn.

Ẹlẹ́yin kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àdúgbò ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó ń ru ẹyin kiri, tó ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìẹ, tó ń kanlẹ̀kùn ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké káàkiri. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ le nígbà náà bí igi àjà. Ó máa ń sọ pé òun rìn títí ọ̀nà fi mọ òun ju àwọn oníbàárà lọ. Nígbà tó ní òun fẹ́ sin adìẹ tòun, àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹni tó ń ta ẹyin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, ló dá wọn lẹ́kun. Ó fún un ní ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé Ẹlẹ́yin, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbin ewébẹ̀, ó sì bọ́ sí àárín àwọn ọmọ rẹ̀ ó ní, "Ilẹ̀ tí mo bá fún ìyàwó mi, kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ wá gbà á." Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ló kọ́ ilé adìẹ sí: ògiri kúkúrú, wáyà títí dé òkè, páànù lórí, lẹ́búlẹ́bú pákó nílẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ilé náà rí bí ilé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wá wò ó. Láti wíwò ló ti di ẹgbẹ́. Oníbúrẹ́dì wà nínú rẹ̀, opó tí iná ààrò ti ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Aránṣọ wà níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn náà wà. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé Ẹlẹ́yin á bá gbogbo wọn tọ́ òròmọdìẹ títí wọn á fi kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé, kálukú á wá kó tirẹ̀ lọ fi bẹ̀rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ti wó ààrò rẹ̀, ó sì ti fi bíríkì rẹ̀ kọ́ ilé adìẹ. Ó ní òun kò fẹ́ kí èṣù rí ibi tí òun á padà sí.

Ìwọ̀nyí ni adìẹ tí Ẹlẹ́yin ṣílẹ̀kùn bá.

Àwọn kan ti kú, wọ́n na ẹsẹ̀ sókè. Àwọn kan dúró sí igun, wọ́n ká apá mọ́ra bí arúgbó tí òtútù mú. Ọ̀kan yí ọrùn pọ̀, ó ń wo páànù òkè bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n pe òun láti ibẹ̀. Ìgbẹ́ wọn ti di àwọ̀ ewé. Ohun tó bà á lẹ́rù jù lọ ni pé àwọn tó pọ̀ jù wà lórí ìdúró, ìyẹ́ wọn ń dán, ojú wọn mọ́, wọ́n sì wá síbi oúnjẹ. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá wá láti ìta, tó wo àwọn tó dúró yìí, á ní adìẹ tó yááyì nìwọ̀nyí. Àmọ́ tí ó bá dákẹ́ díẹ̀, á gbọ́ èémí wọn. Ó ń há wọn lọ́fun bí omi tó fẹ́ tán nínú ẹ̀rọ.

Ó mọ orúkọ àrùn náà. Gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ ló mọ lùkúlùkú, àrùn tó ń gbá ilé adìẹ mọ́ féú, wọn kì í sì í pè é sókè nínú ilé adìẹ.

Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó pe dókítà ẹran lórí fóònù. Ọmọdébìnrin ni dókítà ọ̀hún, kò jọ ẹni tó lè mú màlúù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n.

"Ìyá, ta ló wọ ibẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀."

"Ẹ rántí dáadáa, mà. Àrùn kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹnì kan ló ń gbé e."

Ẹlẹ́yin wo abọ́ omi oògùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi."

"Ṣé wọ́n fi ẹsẹ̀ bọ omi?"

Ẹlẹ́yin gbójú kúrò lára abọ́ náà.

Abọ́ omi yẹn ni òfin ilé adìẹ rẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í bọ́ bàtà níbẹ̀, tí kì í fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó bá ti ìrìn àjò dé, á dúró níbẹ̀ á máa ráhùn, á ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá adìẹ, pé bóyá òun máa gba èrè rẹ̀ lọ́run. Aṣojú ìjọba kan wá nígbà kan pẹ̀lú bàtà aláwọ̀ dúdú tó ń dán, Ẹlẹ́yin ní kó bọ́ ọ, ó bọ́ ọ, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ti ya ní àtàǹpàkò. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ fi rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wá láti ilé rẹ̀ ní òdì kejì àdúgbò, níbi tí òun náà ti ń sin adìẹ díẹ̀ tí wọ́n ń jẹ̀ kiri. Ó ní òun wá gbàdúrà sí iṣẹ́ ìyàwó òun, pé ohun tí èèyàn kò bá fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọwọ́ ẹlòmíì ló ń bọ́ sí. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rí abọ́ omi.

"Ṣé aṣọ lo fẹ́ fọ̀ ni?"

"Rárá, mà. Omi ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

Báwo lo ṣe máa sọ fún ẹni tó fún ọ ní ilẹ̀ pé kó wẹ ẹsẹ̀ kó tó tẹ ilẹ̀ náà? Ṣé ìwọ ìyàwó ilé ló máa bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ, bíi ti aṣojú ìjọba? Àwọn àbúrò ọkọ á gbọ́. Wọ́n á ní ó ti dé ibi tó ń lọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi adìẹ ṣíwájú ìyá wọn.

"Ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni, mà."

"Ẹn, ìyẹn dáa. Àwọn òṣìṣẹ́ lè dọ̀tí." Ìyá Àgbà yí abọ́ náà po, ó wọlé.

Ẹlẹ́yin tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà dúró láàárín àwọn adìẹ, ó gbé ọ̀kan, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n bí ìyá tó ń ki ọmọ:

"Adìẹ, ọmọ ajíhalẹ̀,
ọmọ afẹsẹ̀-méjì-túlé-wò.
Ó bímọ, kò pe agbẹ̀bí.
Ó wẹ̀, kò kan omi.
Aláṣọ tí kì í bẹ aránṣọ,
àṣá ń wò ọ́ lókè, ènìyàn ń wò ọ́ nílẹ̀,
ìwọ ń wo hóró àgbàdo tìrẹ.
O ò ní kú mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́."

Ẹlẹ́yin ń ṣe àmín. Gbogbo bó ṣe ń ṣe àmín, ojú rẹ̀ wà lára bàtà Ìyá Àgbà. Ìyẹ́ kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dúdú tó ní àmì funfun. Kò sí adìẹ tó ní irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Pupa ni gbogbo tiwọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹ́ lásán ni. Àdúrà tí ìyá ń gbà sì gùn, ó sì dùn, ta ni yóò dá àdúrà dúró nítorí ìyẹ́?

Ó fi etí sí fóònù padà. Dókítà ṣì wà níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi. Kí ohunkóhun má jáde níbẹ̀ títí mo fi máa dé. Kì í ṣe adìẹ nìkan o. Ẹyin, àpò oúnjẹ, ìyẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé. Ẹ̀yin gan-an, bí ẹ ṣe ti wọlé yẹn, ẹ má sún mọ́ ẹni tó ní adìẹ nílé."

"Dókítà, òní ni ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá kó adìẹ wọn. Wọ́n ti wà lọ́nà."

"Tí wọ́n bá kó wọn, mà, wọ́n ti kó àrùn pín fún gbogbo àdúgbò nìyẹn. Mo ń bọ̀."

Fóònù kú. Ẹlẹ́yin ń wo àwọn tó dúró láti ojú wáyà, àwọn tí ìyẹ́ wọn ń dán. Èrò kan wọlé sí i lọ́kàn, ó wọlé jẹ́jẹ́, láìkanlẹ̀kùn. Ó lè kó àwọn òkú sí kọ̀rọ̀. Ó lè pín àwọn tó dúró bó ṣe ṣèlérí. Tó bá di ọ̀túnla tí wọ́n bá kú, ilé Oníbúrẹ́dì ni wọ́n kú sí, ilé Aránṣọ ni wọ́n kú sí. Àwọn fúnra wọn á wá bẹ̀ ẹ́ pé àwọn kò mọ adìẹ tọ́jú. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Orúkọ rẹ̀ á wà bó ṣe wà.

Ibi tí èrò yìí ti ń jókòó sí i lára ni ọkọ̀ kan ti dúró lójú ọ̀nà.

Ọkùnrin alágbọ̀n tó ń ra adìẹ kiri ni. Àwọn obìnrin ń pè é ní Igún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni, nítorí pé ibi tí adìẹ bá ti ń ṣàìsàn ló máa ń yọ sí, ó sì máa ń yọ kí wọ́n tó pariwo. Ó ti to agbọ̀n lé ara wọn lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn géètì, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e bí ọ̀rẹ́ ìdílé.

"Ìyá wa, ẹ káàárọ̀. Mo ní kí n yà kí yín."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Sọ kí ni? Mo kàn ń kọjá ni." Ó na ọrùn. Ó ń fi etí sílẹ̀ bí Ẹlẹ́yin ti ṣe láàárọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé yín dákẹ́ lónìí o. Mélòó ló ti sùn?"

Oorun ló ń pe ikú. Ẹlẹ́yin ní, "Kò sí ohun tó sùn níbí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n sùn." Ó na ọwọ́ kan agbọ̀n. "Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n bá yín kó wọn kí oòrùn tó mú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ibi tí mò ń tà wọ́n sí, wọn kò mọ̀ yín níbẹ̀. Ìyá, èmi kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń ba òwò jẹ́."

"Mo ní kò sí nǹkan kan."

"Mo gbọ́. Ìyá ọkọ yín náà sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Wọn kò pariwo, wọ́n fọgbọ́n ṣe é, a kó ìyókù kúrò nílẹ̀, ó parí." Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé Ẹlẹ́yin kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó fà sẹ́yìn. "Mo wà ní oríta. Tí ẹ bá ronú tán, ẹ ṣẹ́wọ́ sí mi."

Ọkọ̀ náà kò lọ jìnnà. Ó dúró ní oríta lóòótọ́, kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà fi dé. Aṣọ tó dáa ló wọ̀, ó wé gèlè, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, nítorí òun ló máa gbàdúrà fún ẹgbẹ́ kí wọ́n tó pín adìẹ. Ó ṣí géètì, ó fẹ́ máa bọ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, mà."

Ìyá Àgbà dúró. Láti ọjọ́ tí Ẹlẹ́yin ti wọlé ọkọ, kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. "Ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ má bínú. Adìẹ yín ńkọ́, Ìyá?"

"Adìẹ wo?"

"Èyí tó ń jẹ̀ nílé yín."

Ìyá Àgbà tún gèlè rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ̀. "Wọ́n ti lọ. Atẹ́gùn ló kọlù wọ́n. Àwọn tó kù, mo kó wọn fún ọkùnrin alágbọ̀n, ó ní òun mọ ibi tí òun máa gbé wọn sí. Adìẹ mélòó ni? Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ké sí ọmọ."

"Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú? Ṣé kí ẹ tó wá gbàdúrà síbí, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"O ń bi mí bí agbẹjọ́rò, ìyàwó mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ìyá Àgbà wo ilẹ̀. "Ọjọ́ tí mo wá yẹn, mo kọ́kọ́ gbá àgò wọn ni. Mo kó àwọn tó kú dànù. Ó dùn mí. Mo ní kí n wá wo tìrẹ kí ọkàn mi lè balẹ̀." Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ bọ́ sára abọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí lo pe omi yẹn lọ́jọ́ yẹn?"

"Omi ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mi ni o ń bá wí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi nílẹ̀, Ìyá."

"Ilẹ̀ ni mo fún ọ. Mi ò gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ."

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé òótọ́ ni, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òótọ́ ni. Ká ní Ẹlẹ́yin ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, Ìyá Àgbà ìbá ti yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ìbá ti gba ilé ọmọ rẹ̀ àgbà lọ, ọ̀rọ̀ ìbá sì ti di ìpàdé ẹbí. Adìẹ ìbá wà láàyè. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tí ìtìjú ìyàwó ilé fà ló na ẹsẹ̀ sókè nínú ilé adìẹ yẹn.

Nínú ilé adìẹ, nǹkan kan ṣubú pọ̀ọ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú pákó. Kò sí ohùn tó tẹ̀ lé e.

Ìyá Àgbà ní, "Gbogbo wọn ni?"

"Kò tíì jẹ́ gbogbo wọn. Dókítà ní kí ohunkóhun má jáde. Bóyá nígbà tó bá dé, gbogbo wọn ni a máa sin."

"Àti ti àwọn ẹgbẹ́?"

"Kò sí ti ẹgbẹ́ àti tèmi níbẹ̀, mà. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn àwọn obìnrin láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, kó tó di ọ̀rọ̀. Oníbúrẹ́dì ló wà níwájú, ó gbé agbọ̀n tuntun lórí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbé ìyàwó bọ̀ wálé. Aránṣọ di apá rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Ẹ má tì mí o," Oníbúrẹ́dì ń sọ fún wọn. "Mo ti fún tèmi lórúkọ. Èyí tó bá kọ́kọ́ yé, orúkọ ìyá ọkọ mi ni mo máa sọ ọ́, kí n lè máa rí ibi bá a wí."

"Tó bá kọ̀ láti yé ńkọ́?" Aránṣọ bi í.

"Orúkọ rẹ ni mo máa sọ ìyẹn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjá lára ọkọ̀ alágbọ̀n ní oríta. Ó sọ nǹkan kan fún wọn láti ojú fèrèsé, Oníbúrẹ́dì dá a lóhùn láìdúró, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn dúró, ó tẹ̀ sí fèrèsé ọkọ̀ náà, ó ń gbọ́.

Ẹlẹ́yin rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí géètì, ó rántí ohun tó wà lára bàtà rọ́bà rẹ̀, ó dúró sí ojú kan. Tó bá kígbe láti ibi tó wà, wọ́n á rò pé ó ń pè wọ́n wọlé ni. Tó bá ní kí wọ́n padà, Oníbúrẹ́dì tó ti wó ààrò rẹ̀ kò ní padà. Á wọlé wá wo adìẹ tirẹ̀ lójú, á gbé e lọ́wọ́, á sì tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sílé. Kò sí ohùn kan lára òun tó lè dá wọn dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní òpópónà yìí tí gbogbo wọn kì í jiyàn pẹ̀lú, ẹni náà sì dúró síwájú rẹ̀ nínú aṣọ àdúrà.

Ẹ̀rín àwọn obìnrin ti dé ìtòsí ògiri.

"Ìyá mi," ni Ẹlẹ́yin wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde sí wọn, kí ẹ ti géètì lẹ́yìn yín, kí ẹ sọ fún wọn pé àrùn wà nílé mi, kí ẹnikẹ́ni má wọlé."